Ara mi ti wúwo jù: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tí mi ò fi ní ba ara jẹ́?

Oníṣọ́ọ̀bù Gbági

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 41 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orí àga ni mo ń wà. Bí oníbàárà bá dé, ọmọ iṣẹ́ ló ń gun àkàbà lọ mú aṣọ wá. Lóṣù tó kọjá, mo gun òṣùwọ̀n ní kẹ́míìsì: kílò 96. Gíga mi ò ju mítà 1.63 lọ. Kì í tiẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n ló bà mí lẹ́rù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Lọ́jọ́ kan, mo ń gbé àpò ìrẹsì kékeré gòkè, èyí tí kò ju kílò 10 lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ mi ọlọ́dún 11 ló wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ti gbìyànjú rí o. Mo sanwó oṣù mẹ́ta ní jímù kan ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tó ń darí wa ní ká jókòó-dìde nígbà 100, ká fò, ká tún sáré lórí ẹ̀rọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọ̀lẹ ni mí, mo ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mi ò lè jókòó nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdi ògiri mú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tó ń rákò. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Owó ti wọgbó.

Ní báyìí, kò sí owó jímù, àyè tí mo sì ní lójúmọ́ ò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo fẹ́ kí ara mi fúyẹ́, mo sì fẹ́ lágbára. Ibo ni kí n ti mú un?

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, o kú ọjà. Ọdún 28 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní eré ìdárayá kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n ní kó o ṣe lọ́jọ́ yẹn, mi ò jẹ́ dán an wò lára ọmọ ọdún 15 tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́. Iṣan tó ti jókòó fún ogún ọdún, a kì í fi pàṣán jí i. Ara ríro tó dé bá ọ lọ́jọ́ kejì, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe ohun tí ara rẹ̀ ò mọ̀ rí nìyẹn, ó sì máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé bí ara ò bá ro ọ́, eré náà ò ṣiṣẹ́, má dá a lóhùn.

Ìrìn ni kó o kọ́kọ́ mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó o tiẹ̀ rí i pé o lè ṣe jù bẹ́ẹ̀. Rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ mi láti mọ ìwọ̀n rẹ̀ nìyí: o gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kó o má lè kọrin. Bí orin bá ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ, yára sí i. Bí o ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, dẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́sẹ̀ kẹta, sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 15, kó o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Nígbà tó bá fi di oṣù kẹta, wàá ti máa rin ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn ti pé 150, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máà dín sí lọ́sẹ̀, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020. Ìlànà yẹn kan náà ní kéèyàn ṣe eré tó ń fún iṣan lókun, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ yẹn làwọn èèyàn máa ń fò dá. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá ọ sọ ọ́.

Ra bàtà kánfáàsì gidi. Sílípáàsì ò ṣeé bá rìn jìnnà.

Nọ́ọ̀sì Òru

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kílò 96 pẹ̀lú gíga mítà 1.63, bí a bá fi gíga yín pín kílò yẹn lẹ́ẹ̀mejì (ìṣirò tí wọ́n ń pè ní BMI nìyẹn), ó lé díẹ̀ ní 36. Láti 30 lọ sókè ni àwọn dókítà ti ń pè é ní ìsanrajù. Kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń lọ nínú ara yín. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kẹ́ ẹ sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má rìn o. Ìrìn gan-an wà lára ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gún insulin tàbí tẹ́ ẹ ń lo glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà, eré ìdárayá máa ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ẹ má fi inú òfo ṣe é, ẹ sì mú nǹkan dídùn dání.

Bí àyà bá ń fún yín pinpin, bí ìrora bá ń ta lọ sápá tàbí àgbọ̀n, bí òyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi sóbò lẹ́yìn eré àṣejù, iṣan ló bàjẹ́ tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa forí fá a. Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Mo ti tọ́jú irú rẹ̀ rí, géńdé ọkùnrin ni, ó lọ fi ọjọ́ kan ṣe ohun tó yẹ kó fi oṣù mẹ́ta ṣe.

Kò Kàn Mí

Ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ rọra. Béèyàn bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo ló fẹ́ bunijẹ? Ìgbéyàwó wà nílé wa lóṣù Kejìlá, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Tíì kan wà tí wọ́n ń tà lórí Instagram. Àbúrò mi mu ún, kílò mẹ́rin ló lọ lọ́sẹ̀ kan. Kò rìn, kò sáré.

Nọ́ọ̀sì Òru

Kò rìn? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń lọ ńkọ́? Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíì yẹn, òògùn tí à ń fún ẹni tí inú rẹ̀ kì. Omi àti ìgbẹ́ ló jáde, ọ̀rá ò kúrò níbi tó wà. Jẹ́ kó mu omi dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, kó wá gun òṣùwọ̀n. Bákan náà ni náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń wé mọ́ ikùn kí wọ́n lè làágùn. Ẹni tó bá ń fi ìdajì kílò sí kílò kan lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ ń ṣe dáadáa.

Kò Kàn Mí

Ó dáa. Kí télọ̀ tú aṣọ náà.

Alágbára Sùúrùlérè

Àǹtí mi, ẹ bá mi forí jì í, kì í ṣe gbogbo àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ní jímù la ń ṣe báyẹn. Òótọ́ tí kò ní mú owó wọlé fún mi rèé: fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi irin ṣe tí kẹ́ẹ̀gì ò lè ṣe.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì òróró méjì onílítà márùn-ún. Lítà omi kan, kílò kan ni, torí náà bẹ́ ẹ bá rọ omi kún un, kílò 5 nìyẹn. Bó bá ti ń fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ da omi nù, ẹ kó yanrìn gbígbẹ sí i, yóò tó nǹkan bíi kílò 8. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ní 20 nínú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, ìyẹn ti ń lọ sí kílò 10. Ìwọ̀n àpò ìrẹsì tó dá yín jókòó lórí àtẹ̀gùn gan-an nìyẹn! Ibẹ̀ là ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín. Ẹ jẹ́ ká ní Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Àga onígi tí kò ní táyà lẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ dìde láìti nǹkan kan. Kí orúnkún máa kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kó má wọnú. Ẹ ṣe é nígbà 8, ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún ṣe 8. Ó tán! Bó bá le jù, ẹ gbé tìmùtìmù lé àga kó lè ga sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri. Ẹ dúró jìnnà sí i níwọ̀n apá kan, ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ jẹ́ kí àyà lọ bá ògiri, kẹ́ ẹ wá ti ara yín padà. 8, ìsinmi, 8. Bó bá ti di eré ọmọdé, ẹ kúrò lára ògiri, ẹ lọ sára tábìlì tó dúró dáadáa, láti ibẹ̀ sí àtẹ̀gùn ilé yín, títí ilẹ̀ á fi kàn. Ó lè gba oṣù mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni gbígbé kẹ́ẹ̀gì nílẹ̀, torí òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀yìn dídùn. Ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ̀ bí ẹ̀ka igi láti gbé garawa, gbogbo rẹ̀ á sì bọ́ sórí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn bí ẹrù bá kún ọwọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe gan-an nìyẹn. Ìdí lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn nà gbọọrọ, orúnkún rọ̀ díẹ̀, ẹ di kẹ́ẹ̀gì mú, ẹ wá fi itan àti ìdí dìde. Ẹ mí síta bẹ́ ẹ ti ń gbé e. Ẹ má sé èémí o, pàápàá ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ti fífà: ọwọ́ kan lórí àga, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ọwọ́ kejì fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà bí ẹni ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ ẹ rọra fà á, kò sí iná tẹ́ ẹ fẹ́ tàn. Kẹ́ ẹ wá fi gbígbé parí rẹ̀: kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lósì, ẹ máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi bàjẹ́.

Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú 25. Ẹ máa kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tẹ́ ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sí, ohun tẹ́ ẹ ṣe àti iye ìgbà. Bẹ́ ẹ bá ti lè ṣe 12 lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì nira, ẹ fi ẹrù díẹ̀ kún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa rí i pé agbára ti wọlé bí iṣan ò tiẹ̀ tíì yí padà lójú, torí pé ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń kọ́ bí yóò ṣe pe iṣan tó wà nílẹ̀ síṣẹ́. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé apá yín á rí bíi tọkùnrin: ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wá bí tèmi á ṣe rí bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí i.

Abiyamọ Tuntun

Mo bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ ni. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì yìí?

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ kú ewu ọmọ o. Kẹ́ẹ̀gì kọ́ o, ẹ má gbé ohun tó wúwo ju ọmọ yín lọ báyìí. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé. Bẹ́ ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ bi dókítà pé ṣé ojú abẹ ti jinná tó.

Ìyá Ẹlẹ́kuru

Ẹ ti sọ ti kẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ n sọ ti ìkòkò. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, mo mọ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun láìdé ilé yín, torí ọjà lèmi náà wà. Àárọ̀ kùtù, tíì àti búrẹ́dì. Ọ̀sán, kò sí àyè, ẹ gbé mínírà kan mu. Ìgbà tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, èbà bí orí ọmọ, ẹ jẹ ẹ́, ẹ sùn lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára mínírà. Ṣúgà tó wà nínú ìgò 50cl lè tó gíráàmù 50, bíi kóró ṣúgà méjìlá. Ta ló ń rọ ìyẹn sínú tíì? Ẹni tó rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó wá mu ìgò kan nígbà tó délé, ó ti dá gbogbo ohun tó ná padà.

Lẹ́yìn náà, òróró. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ epo pupa tàbí òróró funfun, ó tó kálórì 120. Ẹlòmíràn á ní òun ti ṣíwọ́ èbà, á wá máa fi ọbẹ̀ tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ jẹ ìrẹsì. Ẹ̀wà kan náà ló di àkàrà, òun náà ló di èkuru. Ọ̀kan wẹ̀ nínú òróró, èkejì ò rí òróró sójú. (Mi ò polówó ọjà mi o.)

Ẹ má lé èbà jáde nílé, ẹ kàn dín in kù sí ìdajì. Kí ẹ̀fọ́ gba ibi tó fi sílẹ̀, kí ẹja ṣàwá tàbí ẹyin tàbí ẹ̀wà sì wà nínú gbogbo oúnjẹ, torí ẹni tó ń fọn tí kò jẹ èròjà amúaradàgbà, iṣan ló ń jó mọ́ ọ̀rá. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6. Pọ̀nmọ́ ò sí lára rẹ̀, ẹ má bínú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bíi tiyín, àmọ́ awọ ni, èròjà inú rẹ̀ ò pé.

Kò Kàn Mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ lu pọ̀nmọ́, Ọlọ́run rí yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó bá jẹun lẹ́yìn aago méje ló ń sanra.

Ìyá Ẹlẹ́kuru

Aago kọ́ ló ń mú èèyàn sanra, ìwọ̀n oúnjẹ ni. Alẹ́ ló wulẹ̀ jẹ́ pé ebi ọjọ́ gbogbo ló ń bá wa débẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án ò ní bá èbà jà lálẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Peckham

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, mò ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ òru ni, mo sì mọ bí ara ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Couch to 5K ti NHS, àjọ ìlera ìjọba níbí, ni mo fi bẹ̀rẹ̀; ètò tó ń kọ́ ẹni tí kò sáré rí títí á fi lè sá kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan lo máa sá, wàá wá rin ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ lo ó máa ṣe títí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n pè é. Ọ̀sẹ̀ 16 ni mo fi ṣe é, torí mo tún ọ̀sẹ̀ karùn-ún ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì sẹ́ni tó wá mú mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ parkrun, kìlómítà 5 láàárọ̀ Sátidé, ọ̀fẹ́ lòun náà. Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2004, ó ti wà káàkiri báyìí, ní Burgess Park lọ́dọ̀ wa náà. Ìtìjú ni mò ń rò tẹ́lẹ̀, pé èmi ni máa gbẹ̀yìn. Àṣé wọ́n yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbẹ̀yìn gbogbo wa.

Bàbá Alága

Orúnkún mi máa ń dún kẹ́kẹ́ bí mo bá dìde lórí àga. Ẹni ọdún 63 ni mí. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta

Bí kò bá dùn yín, tí kò sì wú, ẹ jẹ́ kó máa dún. Tèmi náà ń dún. Àga gíga ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má jókòó jìn. Itan tó lágbára ló ń ran orúnkún lọ́wọ́ láti gbé wa. Bó bá wú tàbí tó bá ń yẹ̀ lábẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.

Oníṣọ́ọ̀bù Gbági

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó pé ọ̀sẹ̀ méje lónìí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, 136/84 ni. Ṣúgà dáa. Ti ìrìn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú, torí àwọn ọmọ àdúgbò ń béèrè pé ṣé ọkọ̀ mi bàjẹ́ ni. Mo wá gbé e lọ sọ́jà. Mo máa ń dé kí àwọn èèyàn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, n óò sì rìn yí ìlà ká. A ti di mẹ́ta báyìí, alátíkè àti ìyá olówùú ti dara pọ̀.

Mo jẹ́wọ́: lọ́sẹ̀ kẹrin, mi ò fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì. Òkú ṣíṣe gbé wa lọ sí Ìsẹ́yìn, a jẹ, a mu, mo sì mu mínírà tí mi ò lè kà. Nígbà tí mo dé, mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo fẹ́ fi sílẹ̀ bíi ti jímù. Mo wá ṣí ìwé gbèsè, mo rí i pé mo ti kọ ìgbà mẹ́sàn-án síbẹ̀. Mo ní ẹni tó jẹ mí ní gbèsè ọ̀sẹ̀ kan, ṣebí mi ò ní torí ìyẹn pa ìwé náà dé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 6 dípò 10, ó gbà.

Òṣùwọ̀n: kílò 93. Tépù tí mo fi ń wọn aṣọ fún oníbàárà ní ikùn mi ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ sílẹ̀. Lánàá, mo gbé ìrẹsì kílò 10 gòkè, mi ò jókòó. Mo mí helehele nígbà tí mo dé òkè o, mi ò ní purọ́.

Alágbára, ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ mi ti gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ, ó ní tòun ni. Ṣé ọmọ ọdún 11 lè máa bá mi ṣe é?

Alágbára Sùúrùlérè

Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Kẹ́ ẹ fi omi dé ìdajì fún un, kẹ́ ẹ máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń gbé e, kó má sì bá yín díje. Kẹ́ẹ̀gì tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ da omi inú rẹ̀ nù. Ó ti tó àsìkò yanrìn.